Àwòrán Ọmọ Inú ní Ilé Skáànù kan ní Ìkòròdú

Ilé skáànù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí wà ní àdúgbò Sábó ní Ìkòròdú, ní òkè ilé ìtajà oògùn kan. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n ń ṣe fún aláboyún níbẹ̀. Èkíní ni skáànù dúdú-àti-funfun tí dókítà sábà máa ń ní kí aláboyún lọ ṣe. Èkejì ni èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní 4D, tí ó máa ń gbé ojú ọmọ jáde bí ẹni pé a gbé kámẹ́rà wọ inú ikùn lọ yà á. Mo bá àbúrò mi obìnrin lọ nígbà tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù keje, iṣẹ́ méjèèjì ni ó sì sanwó fún. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní àwòrán yíyà, nítorí náà, bí mo ti ń fi ojú ẹ̀gbọ́n wo ohun tí wọ́n ń ṣe ni mo ń fi ojú ayàwòrán wò ó pẹ̀lú. Ìdájọ́ mi ni pé iṣẹ́ wọn dára, ó sì tọ́ kí ènìyàn náwó sí i, ṣùgbọ́n àwọn àwòrán tí wọ́n fi ń polówó ara wọn kò tó iṣẹ́ náà rárá.

Yàrá tí wọ́n ti ń ṣe é kò tóbi, wọ́n sì máa ń pa iná rẹ̀ kí ojú ẹ̀rọ lè hàn dáadáa. Obìnrin ni oníṣẹ́ skáànù tí ó gbà wá. Ó kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó gba ìwé tí dókítà kọ, ó sì kà á tán kí ó tó ní kí àbúrò mi dùbúlẹ̀. Ó sọ fún un ṣáájú pé jẹ́ẹ̀lì tí òun fẹ́ fi pa á níkùn yóò tutù, ó sì sọ ìdí tí wọ́n fi ń lò ó: bí afẹ́fẹ́ bá wà láàárín awọ ikùn àti irinṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ òun, ìró kò ní lè wọlé, jẹ́ẹ̀lì ni ó sì ń lé afẹ́fẹ́ náà kúrò. Ìró ni gbogbo iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí dá lé. Etí ènìyàn kì í gbọ́ ìró tí ó bá ń gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ̀rọ yìí ń rán wọ inú ara ń gbọ̀n ní ìgbà mílíọ̀nù mélòó kan. Ó ń sáré nínú ẹran ara ní nǹkan bí mítà 1,540 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbàkígbà tí ó bá sì ti inú ohun kan bọ́ sí inú òmíràn, bíi láti inú omi oyún sí ara egungun ọmọ, díẹ̀ nínú rẹ̀ a padà wá. Ẹ̀rọ a ka àkókò tí ó fi lọ tí ó fi bọ̀, a sì fi ìyẹn mọ bí ohun tí ó kàn ti jìnnà tó. Ibi tí ìró ti padà púpọ̀ a funfun lójú ẹ̀rọ, bí egungun. Ibi tí kò ti padà a dúdú, bí omi.

Nínú funfun àti dúdú yẹn ni oníṣẹ́ náà ti ń ka ohun gbogbo. Ó wọn ìbú orí láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ó wọn ìyíká ikùn ọmọ, ó wọn egungun itan. Ó fi ibi tí ibi ọmọ lẹ̀ mọ́ hàn wá lápá òkè ilé ọmọ, ó sì ní òun dúpẹ́ pé ó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, nítorí pé ibi ọmọ tí ó bá dí ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára aláboyún. Ó wo omi inú oyún bóyá ó tó. Ó jẹ́ kí a gbọ́ bí ọkàn ọmọ ti ń lù, ó ní ó jẹ́ 144 ní ìṣẹ́jú kan, pé bí ó bá ti wà láàárín 110 sí 160 kò séwu. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni ó ń sọ bí ó ti ń rí wọn, ó sì ń yí ojú ẹ̀rọ sí ọ̀dọ̀ ìyá ọmọ kí òun náà lè rí i. Mo ti bá àwọn ẹlòmíràn lọ sí ibi tí oníṣẹ́ ti kọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ sí aláboyún, tí kò sì sọ̀rọ̀ títí ó fi ní kí ó dìde, tí ìyá ọmọ sì gbé ìbẹ̀rù lọ sílé nítorí pé ẹnikẹ́ni kò bá a sọ nǹkan kan. Bí mo bá ní láti mú ohun kan ṣoṣo tí ó yẹ kí ènìyàn torí rẹ̀ lọ sí ibí yìí, ọ̀rọ̀ tí obìnrin yìí ń bá aláboyún sọ ni màá mú.

Lẹ́yìn náà ni ó kàn 4D. Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì bojú, kò sì ṣí i. Wọ́n ní kí àbúrò mi dìde, kí ó rìn díẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ó mu ohun tútù, kí ó sì fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀ nígbà tí ó bá padà. A ṣe bẹ́ẹ̀, ọlẹ̀ sì sọ, ọwọ́ kan kúrò lójú. Àbúrò mi kígbe pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo imú Bàbá wa!” Òtítọ́ ni, imú bàbá wa ni. Ṣùgbọ́n èmi rí ohun kan tí ó wú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà, ó gùn, ó sì rọ̀ dé ẹ̀bá ètè, àyà mi sì já. Mo béèrè ohun tí ó jẹ́. Oníṣẹ́ náà dáhùn pé, “Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Ìwọ́ ni ó gba ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ kọjá. Ẹ̀rọ ni kò mọ ibi tí ìwọ́ parí sí àti ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.” Ó dá ẹ̀rọ padà sí dúdú-àti-funfun, ó tẹ bọ́tìnnì kan, àwọ̀ pupa àti búlúù sì yọ nínú ìwọ́ náà níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn. Ó ní àwọ̀ méjèèjì kò fi irú ẹ̀jẹ̀ hàn, pé èyí tí ó ń bọ̀ sí ìhà irinṣẹ́ àti èyí tí ó ń lọ kúrò ni wọ́n fi yà sọ́tọ̀.

Mo wá béèrè nípa àwọ̀ ojú ọmọ náà fúnra rẹ̀, èyí tí ó dà bí oyin. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tẹ bọ́tìnnì mìíràn, ojú ọmọ náà sì di aláwọ̀ eérú. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó di búlúù. Ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ ni ó yan àwọ̀ náà. Ìró kò ní àwọ̀, kò sì sí kámẹ́rà níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ó dà bí ẹni pé ó ti òsì wá, tí ó sì fi òjìji sí abẹ́ imú àti ètè, kọ̀ǹpútà ni ó fi síbẹ̀ kí ojú lè yọ dáadáa, gẹ́gẹ́ bí èmi náà ti máa ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá kí wọ́n tó fọwọ́ kan pẹ́ńsù. Iṣẹ́ ọnà ni àwòrán 4D, ó sì dára gidigidi. Ìwọ̀n tí ó ti inú rẹ̀ wá jẹ́ òtítọ́, imú náà jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n awọ ara, àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ jẹ́ ohun tí a fi wọ̀ ọ́. Inú mi dùn pé oníṣẹ́ kan sọ èyí fún oníbàárà láìfi ohunkóhun pamọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó 4D tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta owó ti dúdú-àti-funfun, tí àlàyé bẹ́ẹ̀ sì lè mú kí ẹlòmíràn rò ó wò bóyá kí òun san án.

Ẹ̀dùn ọkàn mi wà ní iwájú ilé, níbi tí àwọn aláboyún ti ń dúró. Pósítà ńlá méjì ni ó wà lára ògiri níbẹ̀. Nínú ọ̀kan, ọmọ kan tí ó ti gún régé léfòó nínú òkùnkùn, ó fi àtàǹpàkò sẹ́nu, ìmọ́lẹ̀ ń tàn lára rẹ̀, ìwọ́ rẹ̀ sì lọ sí etí pósítà, ó parí síbẹ̀. Nínú èkejì, àwọn ọlẹ̀ tò tẹ̀léra láti kékeré dé ńlá lórí ilẹ̀ dúdú. Ìyá kò sí nínú ọ̀kankan. Àwọn obìnrin tí ikùn wọn ti yọ ń jókòó sí abẹ́ pósítà yìí, ẹsẹ̀ wọn wú, wọ́n ń fẹ́ ara wọn ní abẹ̀bẹ̀, àwòrán tí ó wà lókè orí wọn sì ń sọ pé ọmọ lè wà láìsí wọn.

Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ní ìtàn. Nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n ṣe nítorí iṣẹ́ ìgbẹ̀bí ní nǹkan bí ọdún 900, ìgò tí a dorí rẹ̀ kodò ni wọ́n ya ilé ọmọ sí, ènìyàn kékeré tí ó ti dàgbà tán sì ń ju apá ju ẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Ní ọdún 1694, Nicolaas Hartsoeker tí ó jẹ́ ará Nẹ́dálándì ya ènìyàn kékeré kan tí ó ká jọ sínú orí ẹ̀yà wẹ́wẹ́ tí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú àtọ̀ ọkùnrin, ohun tí kò sọ pé òun fi ojú rí. Ti Leonardo da Vinci, ayàwòrán ará Ítálì, ni mo fẹ́ràn jù. Ní nǹkan bí ọdún 1511 ni ó ya ọmọ tí ó ká jọ nínú ilé ọmọ, mo sì ti fi í kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí a ti ń fi ìlà wẹ́wẹ́ yọ bí èjìká àti ìdí ti yí po, nítorí pé n kò mọ ẹni tí ó ṣe é tí ó dára jù ú lọ. Síbẹ̀, ibi ọmọ tí ó yà sí i jẹ́ ti màálù: ìṣù kéékèèké tí ó pín sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nígbà tí ti ènìyàn jẹ́ ẹyọ kan tí ó rí pẹrẹsẹ. Ó ti la ilé ọmọ màálù wò, ohun tí ó rí níbẹ̀ ni ó sì fi dí ibi tí kò mọ̀ nípa ti ènìyàn.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti ọdún 1774. William Hunter, dókítà ará Skọ́tlándì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, gbé àwòrán ńlá 34 jáde nípa ilé ọmọ tí oyún wà nínú rẹ̀, Jan van Rymsdyk ni ó sì ya púpọ̀ jù lọ nínú wọn. Òye tí ó wà nínú iṣẹ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ. Irun orí ọmọ ń dán nítorí omi. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó kú pẹ̀lú oyún nínú ni wọ́n là. Wọ́n gé itan kúrò, egungun sì hàn níbi tí wọ́n gé e. Kò sí orúkọ ẹnì kankan nínú wọn níbẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ bí ikú aboyún ti wúwo tó ní ilẹ̀ Yorùbá, tí ó mọ ètùtù tí àwọn baba wa máa ń ṣe kí wọ́n tó lè sin ín, yóò mọ ìdí tí n kò fi lè wo àwọn àwòrán náà pẹ́.

Pósítà tí ó wà ní Sábó, ọmọ ọmọ àwọn fọ́tò tí Lennart Nilsson, ará Súwídìnì, yà ni. Ìwé ìròyìn Life ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé wọn jáde ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1965, gbogbo ayé sì rà á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò títí di òní pé inú ikùn ni ó ti yà gbogbo wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọlẹ̀ tí oyún rẹ̀ kò dúró tàbí tí wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ yọ, tí ó wá gbé ìmọ́lẹ̀ sí, tí ó sì yà bí ohun tí ń léfòó ní òfuurufú. Ohun tí ó dà bí ìyè nínú wọn, òkú ni. Èyí ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó ń gbé pósítà bẹ́ẹ̀ kọ́ sára ògiri ilé ìwòsàn mọ̀.

Skáànù ní tirẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn dókítà Ian Donald àti John MacVicar pẹ̀lú ẹnjiníà Tom Brown gbé àbájáde iṣẹ́ wọn lórí skáànù jáde láti ìlú Glasgow ní Skọ́tlándì ní ọdún 1958, irinṣẹ́ irú èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń wá ibi tí irin ti sán ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò fún ènìyàn, àwòrán wọn kò sì lẹ́wà rárá: àmì funfun díẹ̀ nínú òkùnkùn. Síbẹ̀ ìyá gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí ó wà láàyè, kí ó dùbúlẹ̀, kí ó yíra padà, kí ó mu ohun tútù, kí àwòrán tó lè jáde. Gbogbo ìró tí ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ, inú ara ìyá ni ó gbà kọjá. Ó yà mí lẹ́nu pé ilé tí ó ń fi irú ẹ̀rọ yìí ṣiṣẹ́ dáradára báyìí ni ó ń fi àwòrán tí kò ní ìyá polówó rẹ̀.

Kò sì yẹ kí wọ́n wá àwòrán lọ sí ọ̀nà jíjìn. Àwọn agbẹ́gilére wa kò la ikùn wò, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà mú ọmọ kúrò lára ìyá rẹ̀. Ẹ wo agere Ifá, ohun ọnà tí babaláwo ń kó ikin sí, ẹ wo ọ̀pọ̀ ère ojúbọ: obìnrin kúnlẹ̀, ó di ọmú rẹ̀ mú, tàbí ó pọn ọmọ, ọmọ náà sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ débi pé ọ̀bẹ agbẹ́gilére kò fi àlàfo sí àárín wọn. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ikùn, Ọbàtálá ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún, pé òun ni ó ń mọ ojú, tí ó ń mọ imú, ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń ṣàdúrà fún aláboyún pé kí Òrìṣà ya ọnà ire kò wá. Òye tí àwọn ìyá wa ní nípa inú oyún kò sì kéré. Inú orúkọ àmútọ̀runwá ni wọ́n kó o pamọ́ sí. Ọmọ tí ó fi ẹsẹ̀ jáde ni Ìgè. Èyí tí ìwọ́ kọ́ lọ́rùn ni Òjó tàbí Àìná. Èyí tí ó wá pẹ̀lú àpò omi tí kò bẹ́ ni Ọ̀kẹ́. Èyí tí ó dojú bolẹ̀ ni Àjàyí. Èyí tí ìyá rẹ̀ lóyún rẹ̀ láìtíì padà rí nǹkan oṣù lẹ́yìn ọmọ tí ó ṣáájú ni Ìlọ̀rí. Èyí tí ó pẹ́ nínú ju bí ó ti yẹ lọ ni Ọmọ́pẹ́.

Bí mo ti ń ka ìwé àbájáde tí wọ́n fún àbúrò mi, àwọn ohun wọ̀nyí gan-an ni mo rí níbẹ̀: ìhà tí ọmọ dorí kọ, ibi tí ìwọ́ wà, bí omi ti pọ̀ tó, ọ̀sẹ̀ tí oyún wà. Ohun tí agbẹ̀bí máa ń mọ̀ ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀, skáànù ń sọ ọ́ ṣáájú. Ọmọ tí ó ṣì jókòó bí Ìgè ní ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógójì, dókítà lè gbìyànjú láti fi ọwọ́ yí i padà, tàbí kí ó múra iṣẹ́ abẹ sílẹ̀, ìyá kò sì ní wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ nígbà tí ẹsẹ̀ ọmọ bá yọ. Àbájáde yìí ni ó gba ẹ̀mí là, inú àwòrán dúdú-àti-funfun tí ẹnikẹ́ni kì í gbé kọ́ ni ó sì ti wá.

Mo ní àwọn àbùkù mìíràn tí mo fẹ́ kí wọ́n tún ṣe. Bébà tí wọ́n ń tẹ fọ́tò sí jẹ́ irú èyí tí ooru fi ń ṣiṣẹ́, tí oòrùn àti ooru sì máa ń pa rẹ́. Ó yẹ kí wọ́n sọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n fi fóònù yà á kí ó tó ṣá, ṣùgbọ́n kàkà bẹ́ẹ̀, férémù tí ó ní ìyẹ́ áńgẹ́lì ni wọ́n ń tà fún wọn, ó sì wọ́n. Wọ́n kọ ọjọ́ ìbímọ sínú ìwé àbúrò mi bí ẹni pé ó dájú, bẹ́ẹ̀ sì ni skáànù oṣù keje lè fi ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta yẹ̀. Èyí tí a ṣe ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ó máa ń súnmọ́ òtítọ́ jù. Ẹni tí ń gba owó ní iwájú béèrè lójú gbogbo ènìyàn bóyá a fẹ́ mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí wọ́n sọ ní bòńkẹ́lẹ́ nìyẹn, nítorí ọ̀pọ̀ ìyá ọkọ ni ó ń dúró láti gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.

Ní ti àkókò, Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lámọ̀ràn ní ọdún 2016 pé kí aláboyún ṣe skáànù kan ó kéré tán kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún, kí ó sì rí oníṣẹ́ ìlera ní ìgbà mẹ́jọ ó kéré tán kí ó tó bí. Ẹni tí owó kò bá tó fún iṣẹ́ méjèèjì, dúdú-àti-funfun ni kí ó ṣe, kí ó sì ṣe é ní kùtùkùtù oyún. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi 4D kún un, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sí ọgbọ̀n ni ojú ọmọ máa ń yọ dáadáa, nítorí pé ọ̀rá ti wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, omi sì ṣì pọ̀ yí i ká. Ọjọ́ Sátidé máa ń kún púpọ̀, àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni ó dára jù. Kí ẹ má gbàgbé ìwé dókítà, nítorí wọn kì í fi irinṣẹ́ kan ikùn ẹni tí kò bá mú un wá, wọ́n sì dá tọkọtaya kan padà lójú wa tí wọ́n wá ya fọ́tò lásán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó wà lọ́wọ́ wọn. Ìyẹn wà lára ìdí tí mo fi máa tún rán ẹni mi lọ síbẹ̀.